Àtẹ́lẹwọ́ Tó Ń Yọ́ Òrí

Ọyẹ́ ti sọ ojú mi di pákó ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jókòó sórí àpótí kékeré ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, omi ìwẹ̀ ṣì ń kán ní etí mi, Yèyé sì ti ọwọ́ bọ inú igbá òrí wọn. Èékánná àtàǹpàkò ni wọ́n fi họ ọ́, wọn kì í lo ṣíbí. Ohun tí wọ́n họ kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ó le, ó funfun bí eyín tó ti pẹ́ lẹ́nu, ó ń run èéfín igi díẹ̀ àti ẹ̀pà yíyan díẹ̀. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n fi ti ọ̀tún dé e mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tata. Wọn kò fi ọwọ́ ra ọwọ́. Wọ́n kàn ń dúró.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọwọ́, ẹ̀wà náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Òróró tó ń dán ló kù, ó ti ṣàn wọ inú gbogbo ilà àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Mo ní, "Yèyé, níbo ló lọ?"

"Kò lọ síbì kan. Ó gbọ́ pé ara wà láàyè, ó sì dáhùn."

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ojú mi. Mo gbọ́ bí awọ ojú mi ṣe ń rọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn rẹ gàrí sómi. Láti ọjọ́ yẹn ni òrí ti gbà mí lọ́kàn. Mo ti dàgbà, mo ti ka ohun tí mo lè kà, mo ti se é, mo ti jó o, mo ti pò ó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo ṣe rí tó kọjá ìyanu àárọ̀ ọjọ́ yẹn: ohun líle tó di òróró láìsí iná.

Ìyá tó bí ìyá mi ni Yèyé. Ayépé ni wọ́n ti wá bá wa gbé, ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí bàbá mi gba iṣẹ́ sí Èkó tó sì di pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la ń rí wọn. Tíṣà ni ìyá mi. Wọ́n ń tètè jáde, wọ́n ń pẹ́ dé, Yèyé ló sì ni èmi àti ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í pè mí ní "ọmọ mi" bí ìyá mi ṣe ń ṣe. "Ọma mi" ni wọ́n máa ń wí, bí àwọn Ìjẹ̀bú àtijọ́ ṣe ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán òrí wò káàkiri ilé. Mo gbé e sórí òkúta ní ibi ìbòji, kò yọ́. Mo gbé e sí ara àmù omi, ńṣe ló tún le sí i. Mo gbé e sí ojú fèrèsé, oòrùn yọ́ ọ, ó sì ṣàn sára aṣọ ìkélé ìyá mi. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ara mi, ó yọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ti Yèyé ló yá jù lọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iná inú tìrẹ ṣì ń ṣa igi jọ ni, ọma mi. Tèmi ti jó dé ẹyin."

Àwọn aládùúgbò mọ ọwọ́ yẹn. Bí aboyún bá ń ráhùn pé ikùn ń yún òun bó ṣe ń fẹ̀, Yèyé á ní kó wá lẹ́yìn tó bá wẹ̀, kó má nura gbẹ. Bí ọ̀fìnkìn bá dí ọmọ ọwọ́ nímú, òrí bíńtín ni wọ́n máa fi tọ́ ìsàlẹ̀ imú rẹ̀. Ọkùnrin bíríkìlà kan máa ń wá fi gìgísẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, ó ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á ní kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, kó fi òrí kun ún nígbà tó ṣì tutù, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Mo rántí obìnrin kan tó gbé àkọ́bí rẹ̀ wá láti Ìbẹ̀fun, ara ọmọ náà ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Obìnrin náà ti fẹ́ sọkún. Yèyé gbé ọmọ náà sórí itan, wọ́n ní, "Kò sóhun tó ṣe é. Inú omi ló ti wá, ó ń sọ aṣọ omi nù ni." Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi òrí pa á láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọmọ náà sùn kí wọ́n tó dé orúnkún.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́, tí mo ń tún sọ títí dòní fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí: "Òrí kì í pọnmi. Ẹnu ọ̀nà ní í ṣọ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òrí kì í bu omi sí awọ ara. Ó kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi tó ti wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi òrí pa ara gbígbẹ, ilé òfìfo ló tì. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí n nura tán kí wọ́n tó fi òrí pa mí lára.

Igi emi tó ń so èso òrí kì í hù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan láti Òkè-Ògùn ni tiwa ti ń wá. Ó máa ń bá ọkọ̀ akẹ́rù sọ̀kalẹ̀ wá, á gbé igbá ńlá tí wọ́n fi ewé bò rù, á sì máa ké láti ojúde:

"Olórìí dé o!"

Yèyé á dá a lóhùn láti inú yàrá. "Olórí wo ló dé? Olórí tiwa wà láàfin, wọn kì í sì í ru igbá kiri."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o, Yèyé. Orí yìí náà ni mo fi ru òrí wá."

"Kí ìwọ náà má gbàgbé láti fi pa á. Orí tí kò bá rí òrí, gbígbẹ ní í gbẹ."

Eré yìí kò sú wọn rí. Gbogbo rẹ̀ kò ju ohùn kan ṣoṣo lọ: ẹ fa ìbẹ̀rẹ̀ orí wálẹ̀, ó di òrí. Bí olórìí bá sọ ẹrù kalẹ̀ tán, Yèyé á fọ́ ìṣù òrí kan láàárín láti wo inú rẹ̀ bóyá wọ́n fi nǹkan lú u. Wọ́n á fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá gbóòórùn rẹ̀. Òrí tó ti pẹ́ jù máa ń ní òórùn kíkan kan tó ń ta ni nímú lẹ́yìn tí ara bá ti mú un gbóná.

"Ẹ̀yin ará òkè," Yèyé á sọ, "ẹ̀yin lẹ ń fi ohun tó dára báyìí se ọbẹ̀."

"Àwa ń fi pa inú, ẹ̀yin ń fi pa ẹ̀yìn. Ẹ ṣáà má fi mu gàrí."

Àárọ̀ Sátidé kan ni ẹ̀gbà gbé Yèyé, nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́. Wọ́n ń sá aṣọ sórí okùn ni. Mo gbọ́ tí abọ́ tánganran lu ilẹ̀, tó ń yí, tó ń yí, tí kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé láti ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò mì mọ́. Ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ti ṣàlàyé fún ìyá mi pé iṣan kan ló bẹ́ nínú orí.

Àìsàn náà kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn tán. Ohùn ló gbà. Wọ́n lè pe ọ̀rọ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ń jáde ní pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀. Bí wọ́n bá ní "omi", a máa ń gbọ́, nítorí pé omi kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kan wọ́n ní "ọkọ". Ìyá mi bú sẹ́kún, wọ́n rò pé bàbá àgbà tó ti kú tipẹ́ ni Yèyé ń pè. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ, ọkọ̀ kan tó ń ké kíkankíkan lábẹ́ fèrèsé wọn. Ìyá mi fi ìró nu ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, Yèyé náà fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni "ori" bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́. Ìyá mi ti máa ń múra ilé ìwé lọ́wọ́, èmi náà á ti wọ aṣọ ilé ìwé mi, n ó sì lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kí n lè kí wọn. Ní gbogbo àkókò náà kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan pa mí lójú. Ìyá mi ń tún Yèyé ṣe, wọ́n ń fọ aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ wọn, wọ́n ń dáná, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwé kí aago tó lù. Igbá òrí wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ìdérí rẹ̀ ti ń gba eruku. Ojú mi ti funfun. Ètè mi ti là níbi méjì, bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ yọ.

"Ẹ káàárọ̀, Yèyé."

Yèyé á wo ẹnu mi. "Ori," wọ́n á sọ. "Ori."

Ìyá mi á sáré wọlé. "Orí ń fọ́ yín ni? Ṣé apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?"

"Ori."

Wọ́n á fún wọn ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Wọ́n á rẹ aṣọ ìnura sínú omi tútù, wọ́n á fi dì wọ́n lórí. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ wá kí wọn, ìyá mi ní, "Orí yẹn náà ni wọ́n ń ké sí, kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi." Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n gbé ọwọ́ lé Yèyé lórí, wọ́n gbàdúrà gidi. Yèyé ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń yí i sí èkejì, omijé ń jáde. Gbogbo ènìyàn rò pé ìrora ni. Èmi náà dúró síbẹ̀, orí ni èmi náà gbọ́. Iṣan bẹ́ nínú orí, aláìsàn ń ké orí, kí ni ènìyàn tún fẹ́ gbọ́?

Ó pẹ́ díẹ̀ kí olórìí tó tún dé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, a ti dé láti ilé ìwé, ìyá mi ń fi omi ẹ̀kọ sí Yèyé lẹ́nu. A gbọ́ ọ láti ojúde.

"Olórìí dé o!"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Obìnrin náà tún un ké, ó sì rọra wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú igbá lórí. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wo Yèyé, ẹnu rẹ̀ sì wà ní yíyà.

Yèyé gbé ọwọ́ òsì sókè. Wọ́n nà án sí i bí ọmọ ṣe ń na ọwọ́ sí ẹni tó fẹ́ kó gbé òun. "Ori," wọ́n sọ. "Ori. Ori."

"Orí ló ń dà wọ́n láàmú," ìyá mi sọ, wọ́n sì gbé ife sílẹ̀. "Ẹ má bínú, wọn ò lè bá yín ṣeré lónìí."

Obìnrin náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó ṣí ewé, ó fi èékánná bu díẹ̀, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ tó nà sí i náà. Yèyé pa ọwọ́ dé. Wọ́n mí kanlẹ̀, èémí tí a kò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú.

"Òrí ni wọ́n ń bèèrè," olórìí sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Tíṣà, òrí ni."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n jókòó sí, àga sì wà níbẹ̀.

A rò pé ara wọn ni Yèyé fẹ́ fi pa. Olórìí ti ń ká aṣọ kúrò ní ẹsẹ̀ wọn láti bá wọn pa gìgísẹ̀. Ṣùgbọ́n Yèyé ń mi orí, ojú mi ni wọ́n ń wò. Mo sún mọ́ wọn. Wọ́n ṣí ọwọ́, òrí náà ti yọ́. Ọwọ́ òsì tí wọn kì í fi ṣe nǹkan pàtàkì rí ló ń gbọ̀n wá sí ojú mi. Ó kọ́kọ́ ta mí ní etí, ó wá rí ẹnu mi. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ètè mi, ibi tó là lókè àti ibi tó là nísàlẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n pa iwájú orí mi. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n sọ, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ tán láti ọjọ́ yìí wá.

Ìyá mi wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni, "Oògùn ẹ̀fọ́rí ni mo ń fún ìyá mi." Wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn, kì í ṣe fún wa. Títí tí olórìí fi gbé igbá rù, wọn kò dìde.

Láti ọjọ́ kejì, èmi ni mò ń gbé igbá òrí sórí bẹ́ẹ̀dì ní àràárọ̀. Mo ń fi èékánná mi họ ọ́, mo ń gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn, a ó sì jọ dúró. Bó bá yọ́ tán, wọ́n á pa mí lójú, èmi náà á fi èyí tó kù pa ìgbọ̀nwọ́ wọn àti gìgísẹ̀ wọn, tí ìdùbúlẹ̀ ti fẹ́ bó. Nígbà kan mo dán àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí. Òrí náà jókòó sórí rẹ̀ pẹ́ títí, etí rẹ̀ nìkan ló ń dán. Mo gbé e padà sí òsì kí wọ́n tó rí ojú mi. Òrí ń ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í wo ẹ̀gbà, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ń wò ó.

Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí àárọ̀ kan dé tí mo kí wọn tí wọn kò la ojú. Mo rò pé oorun ni. Mo họ òrí, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Mo dúró. Mo ń wò ó bí mo ṣe máa ń wò ó, ó funfun, ó le, igun tí èékánná mi gé sí i ṣì mú. Mo tún dúró. Kò dán.

Mo pe ìyá mi. Wọ́n wọlé pẹ̀lú kóòmù nínú irun. Wọ́n wo òrí náà kí wọ́n tó wo ojú ìyá wọn.

Àwọn obìnrin ilé ló wẹ̀ wọ́n, ìyá mi sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi òrí pa wọ́n. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yọ́ ọ ní ọwọ́ ara wọn. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà: ó kàn wà lórí awọ ara ni, ó ń dán, kò wọlé. Kò sí ohun tó máa ṣọ́ mọ́.

Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí òrí láti ìgbà yẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, mo kàn ń bà á jẹ́, mo ń tún un ṣe ni. Mo kọ́kọ́ gbé e lé iná tààrà, ó pàdánù òórùn rẹ̀, ó sì di pupa. Mo lọ sí Òkè-Ògùn, mo bá àwọn obìnrin jókòó, mo rí bí wọ́n ṣe ń se èso náà, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Mo ti ọwọ́ bọ abọ́, mo bá wọn pò ó pẹ̀lú omi títí apá fi ń ro mí, tí ohun tó dúdú bíi ẹrẹ̀ fi yí padà tó di funfun, tó ń hó bí ọṣẹ. Nílé, hóró ló yọ mí lẹ́nu jù. Bí òrí tí a yọ́ bá fara balẹ̀ tutù, ó máa ń ṣe hóró hóró bíi gàrí. Mo wá mọ̀ pé abọ́ òrí gbọ́dọ̀ jókòó sínú omi gbígbóná kó yọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí a sì gbé e bọ inú omi yìnyín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a máa fi ọmọrógùn kékeré rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi ki. Èyí tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àkọ́kọ́ tí kò ní hóró kan ṣoṣo, mo fi ìka wá a títí dé ìsàlẹ̀ abọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi wà báyìí, nínú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹn náà. Wọ́n ti dàgbà ju bí Yèyé ṣe dàgbà mọ. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, etí wọn kò gbọ́ tó, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà tó ń pariwo lójúde kò jẹ wọ́n lógún. Ní àràárọ̀, kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ti ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì sílẹ̀ lórí ìró. A kò jíròrò rẹ̀ rí, àwa méjèèjì mọ ohun tí à ń wò.

Mo gbé òrí tuntun náà dání wọlé lónìí.

"Tuntun nìyẹn?" wọ́n bi mí.

"Tuntun ni, Màmá. Kò ní hóró rárá."

"Yèyé kò bìkítà fún hóró."

"Mo mọ̀, Màmá."

Mo fi èékánná họ ọ́, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Mo gbé e sí àárín àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ó jókòó síbẹ̀, funfun, líle, ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ìyá mi gbé ojú kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni etí rẹ̀ kan dán, igun kan rọ̀, ó sì wọ inú ilà ọwọ́ wọn lọ.

Ó yọ́.